Ọmọ ti wọ yunifásítì àmọ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀ ò lágbára, kí ni olùkọ́ lè ṣe?

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú dín iṣẹ́ kù fún wọn ni?

Ìdáhùn: Rárá o, kọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ níwájú ò ní dín tiẹ̀ kù. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Uri Treisman ń wá ìdí tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú fi ń fìdí rẹmi nínú kálkúlọ́ọ̀sì, ìyẹn ẹ̀ka ìṣirò kan, ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn ti ní wọn ò múra síṣẹ́ ni, tàbí pé ilé ni ò kọ́ wọn. Irọ́! Wọ́n ń kàwé gan-an, àmọ́ oníkálukú ló ń dá tiẹ̀ kà, tí àwọn ọmọ tó wá láti ìdílé Ṣáínà sì máa ń jókòó pọ̀, wọ́n á yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, wọ́n á jiyàn. Treisman wá kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú náà jọ, ó gbé ìṣirò tó LE ju ti kíláàsì lọ fún wọn, máàkì wọn sì gbéra.

Ìbéèrè: Mo ní ẹni tí ò bá yé kó wá bá mi lọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó wá. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ìtìjú ni. Ta ló fẹ́ kí wọ́n rí òun lẹ́nu ọ̀nà yẹn? Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Supplemental Instruction, ìyẹn ètò àfikún ẹ̀kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì kan ní Kansas City lọ́dún 1973: kì í ṣe ọmọ tó ń tiraka ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀, kọ́ọ̀sì tó le ni wọ́n ń yàn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti yege nínú ẹ̀ á máa jókòó ti gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wá, olórí pípé náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ní kí GBOGBO wọn wá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ sẹ́mísítà, tòun ti iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa tètè mọ ẹni tó ń rì?

Ìdáhùn: Tẹ́sìtì kékeré ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí máàkì ẹ̀ ò tó nǹkan. Kẹ́ ẹ wá ka ìwé ìdáhùn wọn dáadáa o, torí ẹlòmíì mọ iṣẹ́ náà, ìbéèrè ni ò yé e. Ẹ ní kó "ṣàgbéyẹ̀wò," ó da gbogbo nóòtì ẹ̀ sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án rí. Ẹ mú ìdáhùn méjì wá, ọ̀kan tó dáa, ọ̀kan tí ò dáa, ẹ yọ orúkọ kúrò lára wọn, ẹ jẹ́ kí kíláàsì fúnra wọn máàkì ẹ̀.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá tó 300 ńkọ́?

Ìdáhùn: Tẹ́sìtì yẹn àti kí wọ́n jọ máa kàwé pọ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú. Owó akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ràn wọ́n lọ́wọ́, iléèwé ni kó san án, kì í ṣe ẹ̀yin.