Agbẹ́yìnró: kì í ṣe pílò, kì í ṣe àtìlẹ́yìn

Oníbàárà kan gbé ọkọ̀ wá bá mi ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo pílò àga yìí, kò ṣiṣẹ́ mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú. Orí ni pílò wà fún. A ń gbé e kalẹ̀, a ń gbé e kúrò, kò sì ní wáyà. Ohun tí oníbàárà mi ń sọ wà nínú àga, ní ibi tí ẹ̀yìn ti kó wọnú lókè ìbàdí. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ àga, á yọ síwájú, á gbé ẹ̀yìn awakọ̀ ró. Tẹ́ ẹ bá tẹ apá kejì, á padà sínú. Agbẹ́yìnró ni mo ń pè é. Ẹni tó bá ń bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 yí láràárọ̀ mọ̀ pé orúkọ náà bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Àwọn kan tó mọ ìwé jù mí lọ ń kọ ọ́ ní "àtìlẹ́yìn ìbàdí". N kò gbà. Àtìlẹ́yìn la ń ṣe fún olóṣèlú àti fún ọmọ tó fẹ́ wọ iléèwé gíga. Ẹni tó ń ṣe é lè wà ní Ẹ̀pẹ́ kí ẹni tó ń ṣe é fún wà ní Badagry. Agbẹ́yìnró gbọ́dọ̀ kan ara. Ìbàdí náà sì rẹlẹ̀ jù: ibẹ̀ la ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Ní ti "lọ́ńbà" (lumbar lédè Gẹ̀ẹ́sì) tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè é, ìyá ta ni yóò gbọ́ lọ́ńbà tí yóò mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ni wọ́n ń sọ?

Ẹnì kan ta kò mí pé agbẹ́yìnró dún bí ẹni tó gbẹ́yìn nínú eré ìje. Mo rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n "ró" tó wà níparí ti yanjú ẹ̀. Òpó ń gbé òrùlé ró. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìyẹn tó rò pé òpó ló kẹ́yìn.

Orúkọ tí kò tọ̀nà ń gbé èèyàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò tọ́. Nítorí pé pílò ni oníbàárà mi ń pè é, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rán àga ọkọ̀ ló kọ́kọ́ gbé e lọ. Wọ́n tú lẹ́dà, wọ́n fi fóòmù tuntun sí i, ó san owó. Wáyà tó bàjẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yí ló ń ti agbẹ́yìnró síwájú. (N kò kọ mọ́tò, torí ọkọ̀ ni mọ́tò lẹ́nu wa.) Àwọn mìíràn ń lo afẹ́fẹ́, bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ìyẹn tí kò wú, rọ́bà ló sábà máa ń jò, kì í ṣe iná. Wáyà méjì ló wọnú ẹ̀rọ tó ń yí yẹn. Bí iná bá gba ọ̀kan wọlé, á lọ síwájú. Bó bá gba ìkejì, á padà. Nítorí náà, bó bá ń lọ tí kò padà, súwíìsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Tiwa yìí kò dún rárá. Fíúsì ò jó. Ọmọ iṣẹ́ mi yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ náà, ó ní kí n bá òun tẹ bọ́tìnnì, ó fi mítà wò ó: fóòtì 12.4. Ó ní, "Ọ̀gá, iná dé, ẹ̀rọ ló kú." Mo ní kó dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, kó wò ó láti ẹ̀yìn, kí ẹ̀rọ máa fa iná nígbà tí mo bá tẹ bọ́tìnnì. Mítà já sí 3.

Ẹ wo okùn kànga tó ti gé kù fọ́nrán kan. Yóò gbé garawa òfìfo dáadáa, ẹ ó sì rò pé okùn ṣì wà. Kí omi kún garawa ni ẹ ó tó mọ̀. Mítà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a yọ, garawa òfìfo ni.

Mo wo abẹ́ àga, níbi tí wáyà ti ń bá àga rìn síwájú sẹ́yìn. Irin tí àga ń gùn ti ha awọ wáyà kan, omi ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ti wọ ọ́, bàbà inú rẹ̀ sì ti di lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé. Fọ́nrán kan péré ló ṣì ń tàn. Kí n tó fọwọ́ kàn án, mo ti tú orí bátìrì, torí wáyà yẹ́lò tó wà lábẹ́ àga bẹ́ẹ̀, ti èébáàgì ni, àpò tó ń bú jáde láti gba èèyàn sílẹ̀ nígbà ìjàǹbá. Ẹ má fi tẹ́sítà kàn án láé. Mo gé e títí mo fi dé ibi tí bàbà ti ń dán, mo jó o pọ̀, mo fi rọ́bà bò ó, mo sì fi í sílẹ̀ gùn díẹ̀ kí àga lè rìn láìfà á. Mo sún àga síwájú sẹ́yìn nígbà mẹ́wàá kí n tó so ó mọ́ ibi tí irin kò lè dé. Mo dá orí bátìrì padà, mo tẹ bọ́tìnnì: 11.8, agbẹ́yìnró sì yọ síwájú.