Ìyàtọ̀ àwọn súìṣì kíbọ́ọ̀dù mẹkáníkà lábẹ́ ìka

Súìṣì ni ẹ̀rọ kékeré tó wà lábẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan lára kíbọ́ọ̀dù mẹkáníkà, òun ló sì ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé wọ́n ti tẹ bọ́tìnì náà. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, ilé oníke kan ló gba gbogbo rẹ̀ sínú: ọ̀pá tó ń lọ sókè sódò, sípíríǹgì tó ń tì í padà, àti pẹlẹbẹ irin méjì tó máa ń fara kanra. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń pinnu bí bọ́tìnì ṣe máa le tó, bí ó ṣe máa dún, àti ohun tí ìka máa bá pàdé kó tó kan ìsàlẹ̀.

Ìsọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń pín wọn sí. Linear máa ń wọlé geere láìsí ohun tó dí i lọ́nà. Bí ó ṣe ń wọlé sí i ni sípíríǹgì ń le sí i. Tactile ní kókó kan lójú ọ̀nà tí ìka gbọ́dọ̀ gùn kọjá. Clicky náà ní kókó, ṣùgbọ́n ó tún máa ń dún kẹ́.

Iye tí wọ́n ń kọ sára páálí

Súìṣì MX ti Cherry, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1953 kó tó kó lọ sí Jámánì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wọn àwọn yòókù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló ti wà, àwọ̀ ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń dá irú kọ̀ọ̀kan mọ̀. Red àti Black jẹ́ linear: 45 cN (centinewton, òṣùwọ̀n agbára) ni agbára tí Red ń gbà, 60 cN ni ti Black, àwọn méjèèjì sì ń ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà nígbà tí bọ́tìnì bá ti wọlé tó mìlímítà 2 nínú 4 tó lè rìn. Blue, tó jẹ́ clicky, náà ń gba 60 cN, ó sì ń ránṣẹ́ ní mìlímítà 2.2. Lórí ìwé, Black àti Blue fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lábẹ́ ìka, kò sí ẹni tó máa ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ojú kan ṣoṣo ni iye yẹn ń wọ̀n, kò sọ bí agbára ṣe ń ga tó sì ń lọ sílẹ̀ jálẹ̀ ọ̀nà.

Tactile

Ìsọ̀rí yìí ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn kan péré ni wọ́n sábà máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Nínú irú MX, ọ̀pá ní ẹsẹ̀ tó ń ti pẹlẹbẹ irin sẹ́yìn bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Gegele tó wà lára ẹsẹ̀ náà ni ìka ń bá pàdé. Gegele ti Brown, ọ̀kan lára àwọn tactile MX, kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń tẹ̀wé kíákíá lè má fura sí i. Ti Clear, tó jẹ́ tactile MX mìíràn, tóbi jù ú lọ, sípíríǹgì rẹ̀ sì le. Nínú Holy Panda, tí àwọn olólùfẹ́ kíbọ́ọ̀dù kọ́kọ́ ṣe nípa fífi ọ̀pá súìṣì Halo sínú ilé súìṣì Panda, kókó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ látòkè, nítorí náà ìka kì í rìn lófìfo kó tó bá a.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn kókó ṣe pàtàkì bíi kókó fúnra rẹ̀. Ní kété tí ìka bá gùn ún kọjá, ohun tó ń ta kò ó máa ń dẹ̀ lójijì, agbára tí ìka ti kó jọ yóò sì gbé e lọ kan ìsàlẹ̀ gbì, àyàfi bí sípíríǹgì bá le tó láti gbà á dúró, bíi ti Clear. Ó jọ pé èyí ló fà á tí àwọn kan fi ń sọ pé tactile kì í jẹ́ kí ìka àwọn kan ìsàlẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń sọ òdìkejì rẹ̀: súìṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn.

Clicky

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pá Blue pín sí. Apá funfun tó wà nísàlẹ̀ máa ń há díẹ̀ lára irin, yóò wá já lójijì lu ìsàlẹ̀ ilé. Ibẹ̀ ni ìró kẹ́ ti ń wá. Nítorí rẹ̀, ojú tí bọ́tìnì ti ń tú padà ga ju ojú tó ti ránṣẹ́ lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ tẹ lẹ́tà kan náà léraléra gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìka gòkè dáadáa. Nínú Model M, kíbọ́ọ̀dù IBM ti ọdún 1985, sípíríǹgì fúnra rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì, tí ìró, kókó àti ìránṣẹ́ fi ń bọ́ sí àkókò kan náà.

Àwọn irú mìíràn

MX Speed Silver jẹ́ linear tó ń ránṣẹ́ ní mìlímítà 1.2, èyí tó fi rọrùn láti ṣèèṣì tẹ lẹ́tà tí èèyàn kò fẹ́. Topre, láti Japan, ń lo rọ́bà lórí sípíríǹgì, àríyànjiyàn sì wà lórí bóyá mẹkáníkà ni. Àwọn tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ linear, ẹni tó ni wọ́n sì lè yí ojú tí wọ́n ti ń ránṣẹ́ padà.

Gíríìsì

Gíríìsì díẹ̀ máa ń mú kí linear yọ̀ sí i, ó sì máa ń pa ariwo sípíríǹgì. Nínú tactile, bí ó bá kan ẹsẹ̀ ọ̀pá, ó máa ń sọ kókó di jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń yẹra fún ibẹ̀. Wọn kì í sábà fi pa ọ̀pá clicky, torí pé ó lè mú ìró rẹ̀ lọ.