Ẹ Tu Ú Dànù, Ẹ Má Gbé E Mì

Bàbá kan pè mí láti Fadeyi lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Màdáàmù, ṣé lóòótọ́ ni pé a máa sanwó, a máa wọ bàálù dé Cape Town, wọ́n á bu wáìnì fún wa, ẹ ó wá ní ká tu ú dànù?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó gé fóònù mọ́ mi létí.

Òun ni ẹnì kẹrin lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ físà àti tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ itọ́ ni mo bá wá.

Ọgbà àjàrà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ni ti Nábótì inú Bíbélì. Ibi tí mo ń kó èèyàn lọ tọ́ wáìnì wò ni àwọn ọgbà àjàrà Stellenbosch ní South Africa, nǹkan bí 50 kìlómítà sí Cape Town. Tẹ́ ẹ bá ní ọkọ̀ àti dírẹ́bà tiyín, ẹ lè wọ ọgbà mẹ́ta lóòjọ́ láì sáré. Ẹ̀kẹrin, ọ̀kánjúwà ni. Ọgbà kọ̀ọ̀kan lè bu oríṣi mẹ́fà fún yín, ká ní 40 mìlílítà lẹ́ẹ̀kan. Ó kéré lójú, àbí? Ẹ ṣírò ẹ̀: 720 mìlílítà. Odidi ìgò kan, 750 ni. Ẹni tó bá gbé gbogbo ẹ̀ mì ti dá ìgò kan mu, ọtí tó lè le tó 14 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe bíà. Kó tó kúrò ní ọgbà kejì, ahọ́n ti kú. "Èyí dùn, ìyẹn náà dùn" ló kù tí á máa sọ.

Imú ló ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀fun. Ẹ yí ife náà po, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ bù díẹ̀ sẹ́nu, ẹ fi fọ ẹnu káàkiri, ẹ fa atẹ́gùn díẹ̀ mọ́ ọn, ẹ wá tu ú sínú garawa. Tó bá jẹ́ pupa, á fún yín lẹ́nu pọ̀ bíi kajú tí kò tíì pọ́n. Èèpo àjàrà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èèpo yẹn náà ló sì fún un ní àwọ̀. Ọ̀pọ̀ àjàrà dúdú ni omi inú rẹ̀ kò pupa rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń to wáìnì pupa sínú oòrùn lẹ́bàá títì, tẹ́ ẹ ń tà á fún aboyún pé ó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Ẹ má sì sọ fún mi pé àṣà òyìnbó ni. Bàbá ìyá mi dá ẹmu ní Ẹ̀pẹ́. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí imú mi ti mọ ògùrọ̀ yàtọ̀ sí ẹmu ọ̀pẹ, mo sì mọ èyí tí wọ́n ti bomi là. Bàbá á bù ú sẹ́nu, á tu ú sí ìdí ọ̀pẹ, á ti mọ̀.

Màmá kan láti Èbúté Mẹ́ta ní wọn á fi itọ́ òun ṣe òun. Ó ń tu tiẹ̀ sínú ike omi, ó ń dé e, ó ń fi í sí báàgì. Èèyàn mẹ́jọ ló ń tutọ́ sínú garawa kan náà. Babaláwo wo ni yóò jókòó ṣa tiyín, màmá? Ṣùgbọ́n mo yìn ín. Kò gbé ẹyọ kan mì, òun nìkan ló sì rántí wáìnì Pinotage tó fẹ́ rà nírọ̀lẹ́. (Àjàrà ibẹ̀ nìyẹn: onímọ̀ àjàrà kan, Abraham Perold, ló fi àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, bí i ní Stellenbosch ní 1925.)

Oníbàárà tó yà mí lẹ́nu jù ni ẹ̀gbọ́n elépo. Ẹnì kan l'Ékòó ló sọ fún un pé tó bá mu epo pupa kó tó mutí, ọtí ò ní pa á. Ó gbé epo wọ bàálù! Oúnjẹ inú ikùn lè dá ọtí dúró díẹ̀ kó má tètè gorí, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ló ń kó o kúrò lára, díẹ̀díẹ̀, kò sì sí epo tó ń lé e sáré. Epo bo ahọ́n rẹ̀, kò gbọ́ adùn kankan, ó sì ń gbé gbogbo ẹ̀ mì. Etí ife rẹ̀ pọ́n roro.

Ó ti lọ háyà mọ́tò tiẹ̀, ó ní dírẹ́bà kan ò lè wa òun. Ní ọgbà kejì ó dìde, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Lọ́hùn-ún, tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ bá ti tó 0.05 gíráàmù nínú 100 mìlílítà, ọ̀daràn ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Epo ti dè é."

Mo já a gbà, mo jù ú sínú garawa itọ́. Ó wo inú garawa. Ó wo mi. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rọra lọ wọ ọkọ̀ dírẹ́bà mi.