Àwọn ìjókòó tó ṣí sílẹ̀ nínú ìdìbò ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ọdún 2024

Nínú ìdìbò gbogbogbòò tó wáyé ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó lé ní 40 ọmọ Ilé Aṣojú-ṣòfin tí kò gbé àpótí láti padà sí ipò wọn. Àwọn sẹ́nétọ̀ mẹ́jọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹsàn-án, Bob Menendez láti New Jersey, kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìjókòó tó ṣí sílẹ̀ ni wọ́n ń pe irú ipò báyìí, ìyẹn ipò tí ẹni tó wà níbẹ̀ kò bá àwọn tó ń du ú jà mọ́. Àwọn aṣojú mẹ́rin tó fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ wọn, ìyẹn Jamaal Bowman, Cori Bush, Bob Good àti Jerry Carl, kò sí nínú iye yìí, torí pé àwọn fẹ́ padà.

Kì í ṣe iye àwọn tó lọ ló ṣe pàtàkì jù, bí kò ṣe ibi tí oníkálukú wọn ti lọ. Nínú gbogbo ìjókòó tó ṣí sílẹ̀ ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, mẹ́fà péré ló kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, márùn-ún nínú wọn sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti tún ààlà ẹkùn ìdìbò fà. Ní Ilé Aṣòfin Àgbà, ọ̀kan ṣoṣo ló bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Democrat sọ́wọ́ Republican. Ó wá dà bíi pé nǹkan kékeré ni, àmọ́ iye àga tí ẹgbẹ́ Republican fi borí ní ilé méjèèjì náà kò pọ̀: 220 sí 215 ní ilé kejì, ìyẹn Ilé Aṣojú-ṣòfin, 53 sí 47 ní ilé àgbà.

Òfin àti àṣà

Ọdún 2 ni sáà aṣojú-ṣòfin, ọdún 6 ni ti sẹ́nétọ̀, kò sì sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni lọ sinmi lẹ́yìn sáà mélòó kan. Àwọn ìpínlẹ̀ kan fẹ́ fi gbèdéke sí i fúnra wọn, àmọ́ lọ́dún 1995, nínú ẹjọ́ U.S. Term Limits v. Thornton, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìpínlẹ̀ kò láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí àga tó sì fẹ́ padà kì í sábà fìdí rẹmi. Nínú ọgọ́rùn-ún aṣojú tó bá tún gbé àpótí, ó sábà máa ń ju 90 lọ tó ń wọlé. Ìdí nìyí tí àwọn olórí ìlú, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ àti àwọn olówó fi máa ń ní sùúrù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n á sì rọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tí àgbà kan bá sọ pé òun kò ṣe mọ́.

Bí ipò bá ṣófo kí sáà tó parí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìdìbò nìkan ló lè dí àyè ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Ní ti ilé àgbà, Àtúnṣe Kẹtàdínlógún sí òfin orílẹ̀-èdè náà gba ìpínlẹ̀ láyè láti jẹ́ kí gómìnà yan ẹni tí yóò dè é mú fúngbà díẹ̀. Nígbà tí Dianne Feinstein kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Laphonza Butler ni gómìnà California fi rọ́pò rẹ̀. Obìnrin náà kò sì dúró fún ìdìbò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé àwọn olùdìbò California rí àga kan náà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìwé ìbò kan: wọ́n yan ẹni tí yóò lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ṣẹ́kù, wọ́n sì yan ẹni tí yóò lo ọdún 6 tó ń bọ̀. Adam Schiff ló wọlé nínú méjèèjì.

West Virginia

Láàárín gbogbo àga tó ṣí sílẹ̀, ti Joe Manchin ló ṣe pàtàkì jù. Ọkùnrin náà ti jẹ́ gómìnà kó tó wọ ilé àgbà lọ́dún 2010, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, ní ìpínlẹ̀ kan tí Donald Trump ti borí ní gbogbo káúńtì 55 tó wà níbẹ̀ lọ́dún 2020. Orúkọ rẹ̀ ló gbé e dúró, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Kódà lọ́dún 2018, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 19 ìbò péré ló fi ju Patrick Morrisey lọ. Nígbà tó kéde lọ́jọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2023 pé òun kò ní gbé àpótí mọ́, àwọn tó mọ ìpínlẹ̀ náà gbà pé àga ti bọ́ lọ́wọ́ Democrat, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ku ọdún kan gbáko kí wọ́n dìbò.

Láti ọjọ́ yẹn, ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Republican ló wá di ìdìbò gan-an. Gómìnà Jim Justice, tó wọlé gẹ́gẹ́ bíi Democrat lọ́dún 2016 tó sì yí ẹgbẹ́ padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ló borí aṣojú-ṣòfin Alex Mooney níbẹ̀. Ajá rẹ̀, Babydog, kì í fi í sílẹ̀ níta gbangba. Ó tẹ̀ lé e dé orí pèpéle àpérò ẹgbẹ́ ní Milwaukee, ó sì jókòó sórí àga tirẹ̀ nígbà tí olówó rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Nínú ìdìbò gbogbogbòò, Justice gba ohun tó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò, ó sì borí Glenn Elliott ti ẹgbẹ́ Democrat. Mooney sì ti pàdánù méjèèjì: ó ti fi àga tirẹ̀ ní ilé kejì sílẹ̀ nítorí ìdíje náà, Riley Moore ló sì jókòó síbẹ̀.

Àga kan ṣí, òmíràn tẹ̀ lé e

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Mooney wọ́pọ̀ lọ́dún náà, torí àga ilé àgbà kan tó bá ṣí máa ń ṣí àga ilé kejì mélòó kan. Ti Feinstein nìkan mú aṣojú mẹ́ta kúrò lórí ìjókòó wọn, Schiff, Katie Porter àti Barbara Lee. Nínú ìdìbò àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹta, Steve Garvey, agbábọ́ọ̀lù baseball àtijọ́ tó jẹ́ Republican, ló bá Schiff kọjá sí ìpele kejì, tí Porter àti Lee sì lọ láìní àga kankan lọ́wọ́.

Ní Michigan, Debbie Stabenow, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2001, ló yàn láti fẹ̀yìn tì. Elissa Slotkin kúrò ní ẹkùn keje láti du àga náà, ó sì borí Mike Rogers pẹ̀lú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 19 ìbò nínú èyí tó lé ní mílíọ̀nù 5. Àmọ́ ẹkùn tó fi sílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Tom Barrett ti ẹgbẹ́ Republican, ẹni tí Slotkin fúnra rẹ̀ ti fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀ lọ́dún 2022. Ẹgbẹ́ Democrat di àga kan mú, wọ́n sì pàdánù èkejì. Nínú àwọn ìjókòó tó ṣí sílẹ̀ ní ilé kejì, èyí nìkan ló yí ọwọ́ padà láìjẹ́ pé wọ́n tún ààlà rẹ̀ fà.

Ní Maryland, aṣojú-ṣòfin David Trone ná ohun tó lé ní 60 mílíọ̀nù dọ́là nínú owó ara rẹ̀ láti rọ́pò Ben Cardin, síbẹ̀ Angela Alsobrooks ló ja tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ Democrat gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti Lisa Blunt Rochester, tó gba àga Tom Carper ní Delaware, jọ wọ ilé àgbà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí obìnrin adúláwọ̀ méjì jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn tí mààpù lé lọ

Ní North Carolina, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀, tí Republican pọ̀ jù nínú wọn, tún ààlà ẹkùn fà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ méjèèjì ní aṣojú méje-méje. Àwọn Democrat mẹ́ta, Jeff Jackson, Kathy Manning àti Wiley Nickel, wo mààpù tuntun náà, wọ́n sì rí i pé kò sí ọ̀nà. Ẹkùn kẹfà, níbi tí Manning ti kúrò, burú fún wọn débi pé Democrat kankan kò dúró níbẹ̀. Addison McDowell ló gbà á. Ẹkùn kẹtàlá bọ́ sọ́wọ́ Brad Knott, ìkẹrìnlá bọ́ sọ́wọ́ Tim Moore. Mẹ́wàá sí mẹ́rin ló kù. Ẹ ò lè pe ìlọ àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ní ìfẹ̀yìntì: wọ́n ti pinnu ìjà náà nínú yàrá tí wọ́n ti fa ìlà, kí olùdìbò kankan tó dé ibùdó ìdìbò. Jackson lọ du ipò agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, ó sì borí Dan Bishop, aṣojú-ṣòfin mìíràn tó fi àga tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí ipò kan náà.

Ní Louisiana, ìlà tuntun sọ ẹkùn kẹfà di ibi tí àwọn adúláwọ̀ ti pọ̀ jù. Garret Graves ti Republican kò dúró mọ́, Cleo Fields, tó ti wà ní ilé náà láàárín ọdún 1993 sí 1997, sì padà síbẹ̀. Ní Alabama, lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́dún 2023, Shomari Figures ti Democrat gba ẹkùn kejì.

Níbi tí ìbò márùn-ún ti ya ènìyàn méjì

Níbi tí ẹgbẹ́ kan bá ti lágbára, inú ẹgbẹ́ náà ni ìjà máa ń gbóná jù. Anna Eshoo ti wà ní ilé kejì láti ọdún 1993 kó tó kéde pé òun yóò fi ẹkùn kẹrìndínlógún California sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà máa ń mú ẹni méjì tó bá gba ìbò jù lọ sí ìpele kejì láìka ẹgbẹ́ sí. Sam Liccardo, olórí ìlú San José tẹ́lẹ̀, ló ṣe ipò kìíní. Ní ipò kejì, Evan Low ní ìbò 30,249. Joe Simitian náà ní 30,249. Òfin gbà kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí ìpele kejì, títí tí àwọn kan fi béèrè pé kí wọ́n tún ìbò náà kà. Ìbò márùn-ún ni Low fi jù nígbà tí wọ́n kà á tán, Simitian sì wábi gbà. Liccardo ló padà wọlé. Ní Arizona, nínú ẹkùn tí Ruben Gallego fi sílẹ̀ láti gba àga Kyrsten Sinema, ìbò 39 ni Yassamin Ansari fi ju alátakò rẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́lé Democrat lẹ́yìn àtúnkà.

Ìdí tí wọ́n fi lọ

Ìdí wọn kò rí bákan náà. Jennifer Wexton láti Virginia kéde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 pé àrùn ọpọlọ kan tí kò gbóògùn ló ń ṣe òun. Àrùn náà gba ohùn rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ó sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé náà nípasẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi àwọn ọ̀rọ̀ tó ti sọ tẹ́lẹ̀ kọ́ ní ohùn tirẹ̀ gan-an. Suhas Subramanyam ló rọ́pò rẹ̀.

Láàárín àwọn Republican, àwọn alága ìgbìmọ̀ tí agbára wà lọ́wọ́ wọn, bíi Cathy McMorris Rodgers àti Patrick McHenry, ló ń lọ, lẹ́yìn tí ilé náà ti yọ olórí rẹ̀, Kevin McCarthy, tó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìní òmíràn. Ken Buck láti Colorado kò tilẹ̀ dúró kí sáà rẹ̀ parí. Lauren Boebert, tó fi ìbò 546 péré borí ní ẹkùn kẹta lọ́dún 2022, ṣí lọ sí ẹkùn Buck, ó sì wọlé níbẹ̀.

Ìbúra

Wọ́n ṣí ilé tuntun lọ́jọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2025, àmọ́ Jim Justice kò sí níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ parí sáà òun gẹ́gẹ́ bíi gómìnà ná. Ẹni tó yẹ kó gba ipò gómìnà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Patrick Morrisey, ọkùnrin tí Manchin borí lọ́dún 2018, ọjọ́ 13 oṣù náà ni wọ́n sì búra fún un. Ọjọ́ kejì ni Justice búra ní Washington, lẹ́yìn tí àga Manchin ti wà lófìfo fún ọjọ́ mọ́kànlá.