Emil Theodor Kocher

Emil Theodor Kocher (25 Oṣù Kẹjọ 1841 – 27 Oṣù Keje 1917) jẹ́ oníṣẹ́ abẹ àti ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Swítsàlandì. Òun ni oníṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tó gba Ẹ̀bùn Nobel. Ọdún 1909 ni wọ́n fi dá a lọ́lá, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí táírọ́ìdì, ìyẹn ẹṣẹ́ (ẹ̀yà ara tó ń sun oje sínú ẹ̀jẹ̀) tó wà níwájú ọrùn.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ìlú Bern ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tó fi gboyè dókítà ní 1865. Ó lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Berlin, London, Paris àti Vienna. Ní 1872, ó rọ́pò ọ̀gá rẹ̀, Georg Albert Lücke, ní Yunifásítì Bern, ó sì lo ọdún 45 níbẹ̀.

Gẹ̀gẹ̀ àti táírọ́ìdì

Gẹ̀gẹ̀ gbilẹ̀ láwọn agbègbè òkè Alps láyé ìgbà náà, torí áyódíìnì, èròjà tí táírọ́ìdì nílò, ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀ àti omi wọn. Ewu ńlá ni yíyọ ọ́: bí ẹ̀jẹ̀ dídà kò bá pa aláìsàn, ọgbẹ́ a kẹ̀. Kocher tẹ̀lé ìlànà Joseph Lister, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti dènà kòkòrò àrùn, ó ń fara balẹ̀ gé e, ó sì ń di ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń lọ. Nígbà tó dàgbà tán, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ṣe irú rẹ̀ tó nǹkan bí 5,000, àwọn tó sì ń kú kò tó ẹnì kan nínú 100.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti jiná. Ní 1882, Jacques-Louis Reverdin, oníṣẹ́ abẹ ní Geneva, sọ fún un pé ara àwọn tí wọ́n yọ gẹ̀gẹ̀ wọn ń yí padà. Kocher bá ránṣẹ́ pe àwọn aláìsàn tirẹ̀. Nínú 18 tó tún yẹ̀ wò lára àwọn tó yọ gbogbo táírọ́ìdì wọn, 16 ló ti yàtọ̀: ojú wú, òtútù ń mú wọn, ọ̀rọ̀ ń falẹ̀ lẹ́nu wọn, àwọn ọmọdé inú wọn kò sì ga mọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ síwájú àpéjọ àwọn oníṣẹ́ abẹ Jámánì ní 1883, ó sì jáwọ́ nínú yíyọ ẹṣẹ́ náà tán fún gẹ̀gẹ̀ lásán. Ó kọ́kọ́ rò pé ọ̀nà èémí tó bàjẹ́ ló fà á; ẹ̀yìn náà ló hàn gbangba pé àìsí ohun tí táírọ́ìdì ń sun sínú ẹ̀jẹ̀ ni.

William Halsted, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó mọ iṣẹ́ Kocher àti ti Theodor Billroth, oníṣẹ́ abẹ ní Vienna, ṣàkíyèsí ohun kan. Iṣan ara àwọn aláìsàn Billroth a máa le gbagidi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ti Kocher kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé Billroth ń yára, ó ń fi díẹ̀ lára táírọ́ìdì sílẹ̀, ó sì ń ṣèṣe fún àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ṣàkóso kálísíọ̀mù, èròjà tí iṣan ara nílò. Kocher ń dá wọn sí, àmọ́ kó tó jáwọ́, ó ń yọ táírọ́ìdì mọ́ tónítóní. Ó ṣeé ṣe nígbà náà pé bí Kocher ṣe ń yọ ọ́ láìku nǹkan kan gan-an ló jẹ́ kí àìsàn àìní táírọ́ìdì fara hàn kedere.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn

Ó ṣèwádìí lórí ọgbẹ́ ìbọn, ó sì ṣàgbékalẹ̀ ọ̀nà dídá èjìká tó yẹ̀ padà. Ẹ̀mú ìdènà ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Harvey Cushing, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1912, ó fi 200,000 faránkì ta Yunifásítì Bern lọ́rẹ fún ibùdó ìwádìí.