Àmì ìwà tó ń ṣáájú àìsàn ọpọlọ

Àmì ìwà tó ń ṣáájú àìsàn ọpọlọ ni ìyípadà nínú oorun, ọ̀rọ̀, iṣẹ́ àti ìbáṣepọ̀ ẹni tí ará ilé lè rí kí àìsàn náà tó fojú hàn. Bí ẹni náà ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti kékeré kò fi àmì kankan hàn bó bá dákẹ́. Bí aláàdìrẹ kan ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, tó máa ń fi ọ̀yàyà pe oníbàárà kò bá dáhùn ìkíni mọ́, tí ṣẹ́ńjì sì ń dà rú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tó kí a fura.

Abẹ́òkúta nínú ìtàn ìmọ̀ yìí

Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, l'Abẹ́òkúta, tó jẹ́ kí aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ó kéré tán, mọ̀lẹ́bí kan gbọ́dọ̀ bá a gbé, kó máa gbọ́únjẹ, kó máa fọṣọ, kó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Ètò yìí sọ ará ilé di ẹlẹ́rìí pàtàkì, nítorí àwọn ló mọ ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Ní 1961, Lambo àti àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí lórí àìsàn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá ní agbègbè yìí. 1963 ni èsì rẹ̀ jáde.

Oorun

Oorun ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, bó sì ṣe bàjẹ́ ṣe pàtàkì. Ẹni tí ìsoríkọ́ ń mú lè jí ní wákàtí méjì ṣáájú àsìkò rẹ̀, kó má lè sùn mọ́. Ara rẹ̀ a wúwo láàárọ̀, a sì fúyẹ́ díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá ju bó ti yẹ lọ lè sùn wákàtí mẹ́ta péré láìrẹ̀ ẹ́, kó máa sọ̀rọ̀ wìrìwìrì, kó máa náwó ní ìnákúnàá. Ẹlòmíràn a máa fi òru ṣọ́ fèrèsé, torí ó gbà pé wọ́n ń lépa òun.

Àwọn àmì mìíràn

Fún ìsoríkọ́, àwọn dókítà ń wò ó bóyá àmì náà ti wà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ kì í sọ pé inú àwọn bàjẹ́: orí gbígbóná, àyà jíjá, tàbí bí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú orí ni wọ́n ń sọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo oògùn ibà léraléra lásán.

Nínú àìsàn tó ń múni gbọ́ ohùn tí kò sí, ọ̀dọ́ lè ti ara rẹ̀ mọ́lé fún oṣù mélòó kan, kó má wẹ̀ mọ́, kó máa dá rẹ́rìn-ín, kó sì ní rédíò ń sọ̀rọ̀ òun. Ilé sábà máa ń pè é ní ọ̀lẹ tàbí onígbéraga. Bí ìtọ́jú bá ṣe ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ni ìwòsàn ṣe ń nira sí. Nínú ọmọdé, ìbínú àti kíkọ ilé-ẹ̀kọ́ lè jẹ́ àmì.

Èyí tí kò gbọdọ̀ dúró

Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá dà rú láàárín wákàtí mélòó kan, pàápàá pẹ̀lú ara gbígbóná, ó lè jẹ́ ibà tó le tàbí àìtó ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Àbísínwín náà, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbímọ, kò gbọdọ̀ dúró.

Bí ẹnì kan bá ń pín ohun ìní rẹ̀, tàbí tó ní ayé ti sú òun, kí a bi í ní tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kí a kó oògùn kòkòrò àti oògùn eku kúrò nílé, kí a má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Mímú un lọ sí ilé ìwòsàn

Kí ará ilé kọ ọjọ́ tí ìyípadà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú iye wákàtí tó sùn lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, àti gbogbo ohun tó ń lò: oògùn, àgbo, igbó, tramadol. Kí wọ́n má bá a jiyàn lórí ohùn tó ń gbọ́, kí wọ́n má sì sọ pé àwọn náà ń gbọ́ ọ. Ẹ̀wọ̀n àti ẹgba ń dá kún ìfura rẹ̀, wọn a sì mú kó sá fún ìtọ́jú.