Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì nínú ẹ̀kọ́ ní Àjàṣẹ́ àti Kétu

Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni ìtàn tí òǹkọ̀wé ti ro ohun kan tí kò tíì sí láyé, ìbáà ṣe ẹ̀rọ, àrùn, ẹ̀dá tàbí ìlú, tó sì fi làákàyè tọ ipasẹ̀ ohun náà dé ibi tó bá já sí. Àwọn olùkọ́ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin mọ̀ ọ́n sí science-fiction, nítorí èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní CEG, ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba. Kì í ṣe iṣẹ́ tó dá dúró nínú BEPC, ìdánwò àárín girama, tàbí BAC, ìdánwò ìparí rẹ̀. Inú iṣẹ́ mìíràn ló ń gbà wọlé: kíláàsì Faransé, PCT tó jẹ́ físíìsì, kẹ́mísírì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, àti fìlọ́sọ́fì ní kíláàsì ìparí. Ohun tó mú un yẹ ní kíkọ́ ni pé ó so ìwé kíkà pọ̀ mọ́ ìṣirò, iṣẹ́ méjì tí ọmọ máa ń rò pé wọn kò bára tan mọ́ láti ọjọ́ tó bá ti yan séri A, ti ìwé kíkà àti èdè, tàbí séri C, ti ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí àlọ́

Ọmọ Kétu ti gbọ́ àlọ́ kó tó mọ̀wé kà. Ó mọ bí Ìjàpá ṣe tọrọ ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, tó sì bá wọn fò lọ síbi àsè lójú ọ̀run. Bí apàlọ́ bá dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá ìyẹ́ yẹn lè gbé ìkarahun. Àròsọ onísáyẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnì kan bá ti béèrè. Ìyẹ́ mélòó ni? Kí ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́? Bí gbogbo ìjàpá bá sì ń fò, báwo ni àgbẹ̀ yóò ṣe máa ṣọ́ ẹ̀wà rẹ̀?

Darko Suvin, ọ̀mọ̀wé tí wọ́n bí ní Zagreb ní 1930, tó kọ́ni ní Yunifásítì McGill ní Montreal, pe ohun tuntun tó wọ inú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní novum, ọ̀rọ̀ Látìn fún ohun titun. Ó ní irú ìtàn yìí máa ń jẹ́ kí òǹkàwé fi ojú àlejò wo ilé ara rẹ̀, láìjẹ́ pé ó pa làákàyè tì. Àlàyé rẹ̀ ṣì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí kò sọ àlọ́ di yẹpẹrẹ. Kò sí àkàbà tó dára jù ú lọ lọ́wọ́ olùkọ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì tẹ̀ lé e. Ní Kétu, àwọn agbẹ́gilére ti gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, alùpùpù àti ẹ̀rọ ìránṣọ sórí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí orin alẹ́ ọjọ́ náà lè yẹ ìwà àwọn tó ń lò wọ́n wò. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn àjogúnbá àtẹnudẹ́nu aráyé. Ìlú tó ń gbé ẹ̀rọ tuntun sórí ère láti dá a lẹ́jọ́ ní gbangba kì í ṣe àlejò sí iṣẹ́ tí àròsọ onísáyẹ́ǹsì ń ṣe.

Bí ó ṣe wọ yunifásítì

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka Frankenstein, ìwé tí Mary Shelley tẹ̀ jáde ní 1818, sí ìbẹ̀rẹ̀ irú ìtàn yìí. Ní oṣù kẹrin 1926, Hugo Gernsback dá ìwé ìròyìn Amazing Stories sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún irú ìtàn yìí nìkan. Sam Moskowitz fi irú ìtàn yìí kọ́ni ní City College ní New York ní 1953. Extrapolation, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ nípa rẹ̀, jáde ní 1959, Science Fiction Studies sì tẹ̀ lé e ní 1973.

Ìbọn Jules Verne lójú pátákó

Fún kíláàsì PCT, ìwé tí Jules Verne, òǹkọ̀wé ará Faransé, tẹ̀ jáde ní 1865 wúlò púpọ̀. Nínú rẹ̀, wọ́n ri ìbọn ńlá mọ́lẹ̀ ní Florida láti fi yin ènìyàn lọ sí òṣùpá. Florida náà ni Apollo 11 ti gbéra ní 1969.

Gígùn ìbọn náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 900, nǹkan bíi mítà 274. Ọta gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú eré bíi kìlómítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Olùkọ́ á kọ ọ́ sójú pátákó, láti mọ bí eré náà ṣe gbọ́dọ̀ yára pọ̀ sí i tó nínú ìbọn: fi eré sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí o fi ìlọ́po méjì gígùn ìbọn pín in. 11,000 lọ́nà 11,000 jẹ́ 121,000,000. Pín in sí 548, ìdáhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 221,000. Ìyẹn ju agbára tí ilẹ̀ fi ń fa ènìyàn lọ ní ìlọ́po 22,000. Ọmọ tó wọn kìlógíráàmù 50 á wúwo bíi tọ́ọ̀nù 1,100 nínú ìbọn yẹn. Verne mọ̀ pé ewu wà, ó sì fi omi sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò láti dín agbára ìbọn náà kù, ṣùgbọ́n omi kò lè gbà wọ́n là. Láti ibẹ̀ ni ọmọ yóò ti lóye ìdí tí rọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń kó eré jọ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Àṣìṣe òǹkọ̀wé kan kọ́ ọmọ ju fọ́múlà tí wọ́n kàn há sórí lọ.

Ìwé tó yẹ ní yíyàn

Ìwé Verne mìíràn wà tí kò yẹ kí ọmọ kà láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú èyí tó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1863, àwọn òyìnbó mẹ́ta fi bàlúùnù ré kọjá ilẹ̀ Áfíríkà láti Zanzibar dé Senegal, àwọn ará ilẹ̀ tí wọ́n ń bá pàdé sì fara hàn bí ẹhànnà. Ó yẹ kí ọmọ béèrè ta ló wà lókè, ta ló wà nísàlẹ̀, àti ẹni tó ń ròyìn.

Ìwé Faransé tí ọmọ Áfíríkà kọ wà láti fi gbè é lẹ́sẹ̀. Emmanuel Dongala ará Kóńgò kọ ìtàn ní 1982 nípa àwọn ẹ̀dá ojú sánmà tó ya wọ Brazzaville, tí ẹmu ọ̀pẹ àti orin jáàsì sì rọ̀ wọ́n lọ́kàn. Abdourahman Waberi ará Djibouti dorí ayé kodò nínú ìwé rẹ̀ ní 2006: Áfíríkà lówó, àwọn òtòṣì Yúróòpù sì ń wá ibi ìsádi níbẹ̀. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, Tade Thompson, ọmọ Yorùbá, gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019 fún ìwé tó gbé kalẹ̀ sí Nàìjíríà ọdún 2066.

Ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì náà jẹ́ ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Inú eré tí Karel Čapek kọ ní 1920 ló ti jáde, láti ara robota, ọ̀rọ̀ Czech fún iṣẹ́ àfipáṣe. Ní Dahomey, 1946 ni òfin fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe tí ìjọba Faransé ń mú àwọn ará ìlú ṣe. Ọmọ tí wọ́n fipá mú bàbá ńlá rẹ̀ la ọ̀nà kí òfin yẹn tó dé kò ní pẹ́ lóye ìdí tí àwọn róbọ́ọ̀tì Čapek fi dìtẹ̀.

Kíkọ ọ́ ní Yorùbá

Iṣẹ́ ni Yorùbá fi ń sọ ẹ̀rọ lórúkọ: asọ̀rọ̀mágbèsì ni rédíò, ayárabíàṣá ni kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó bá fẹ́ sọ ẹ̀rọ inú ìtàn rẹ̀ lórúkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Álífábẹ́ẹ̀tì lè dí i lọ́wọ́ díẹ̀, nítorí èyí tí Benin fi lélẹ̀ fún àwọn èdè rẹ̀ ní 1975 yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà: òṣùpá inú ìwé Ìbàdàn ni òshùkpá níhìn-ín.

Àpẹẹrẹ iṣẹ́ kíláàsì kan nìyí fún Kétu. Ká ní Akaba Ìdènà, ẹnu-ọ̀nà àtijọ́ tó ń ṣọ́ ìlú kí àwọn ọmọ ogun Dahomey tó kó o ní 1886, ti gbọ́n: ohùn ọmọ Kétu nìkan ló ń ṣí i. Ohun kan yẹn nìkan ló yí padà, ìyókù ìlú wà bó ṣe wà. Ta ló gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀, ta ló sì ń pa á mọ́? Ìyá tí ọ̀fìnkìn mú ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ ọjà ńkọ́? Ìmẹ̀kọ wà lábẹ́ Aláké­tu kí àwọn òyìnbó tó fa ààlà ní 1889, ohùn wọn kò sì yàtọ̀ sí ti Kétu. Bí oníṣòwò bá ti Ìmẹ̀kọ wá, tó kí ìlẹ̀kùn náà pé ẹ kú ilé, ṣé yóò ṣí?